Mo Ti Dárí Ji Bàbá Wa, Àbúrò Mi Ní Alábòsí Ni Mí

Arábìnrin mi,

Ẹ kọ̀wé pé nígbà tí ẹ wà ní ọmọ ọdún 22, ẹ búra pé bàbá yín tó já yín sílẹ̀ kò ní fojú kàn yín mọ́ láyé, ẹ sì mú àbúrò yín ọkùnrin búra pẹ̀lú yín. Ẹ ti pé 47 báyìí, ẹ ń lọ kí bàbá náà, kódà ẹ̀yin lẹ ń bá a gé èékánná. Àbúrò yín wá ń pè yín ní alábòsí. Ẹ ní kí n sọ èwo gan-an ni ẹ̀yin: ẹni tó búra ni àbí ẹni tó ń gé èékánná.

Àwọn méjèèjì ni. Ẹ ò parọ́ nígbà yẹn, ẹ ò sì parọ́ báyìí. Ọmọ ọdún 22 a máa rò pé bí òun ṣe rí yìí lòun máa rí títí. Àgbà náà ń rò bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2013, àwọn onímọ̀ nípa ìhùwàsí ẹ̀dá gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn èèyàn tó lé ní 19,000, láti ẹni ọdún 18 dé 68. Tọmọdé tàgbà wọn ló gbà pé àwọn ti yí padà gan-an láàárín ọdún mẹ́wàá tó kọjá, àmọ́ wọ́n ní ìyípadà tó kù níwájú ò ní tó bẹ́ẹ̀. Ní Scotland, àwọn olùkọ́ kọ bí ìwà àwọn ọmọ ọdún 14 kan ṣe rí sílẹ̀ lọ́dún 1950: ìforítì wọn, ìgboyà wọn. Nígbà tí wọ́n wá díẹ̀ nínú wọn kàn lọ́dún 2012, agbára káká ni ohun tí olùkọ́ kọ fi jọ àwọn arúgbó náà.

Ohun tí ẹ ò béèrè ló ká mi lára jù. Ọmọ ọdún 13 ni àbúrò yín nígbà tí ẹ mú un búra. Ẹ̀yin lẹ gbé ìbínú yẹn lé e lọ́wọ́, ó sì dì í mú torí pé ẹ̀gbọ́n òun ló sọ ọ́. Kò pe bàbá síbi ìgbéyàwó rẹ̀. (Ìlà kan péré lẹ fi sọ ìyẹn nínú lẹ́tà yín, ẹ sì kọjá lọ!) Díẹ̀díẹ̀ ni ọkàn yín rọ̀, ọdún gorí ọdún. Òun ní tiẹ̀, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbọ́ ọ, lẹ́nu ẹlòmíì. Pé ẹ yí padà kọ́ lẹ̀ṣẹ̀ yín. Pé ẹ ò sọ fún un ni.

Ẹ lọ bá a nílé, ẹ má fi fóònù ṣe é. Ẹ má mú bàbá dání, ẹ má sì wàásù ìdáríjì fún un, torí ohun tí bàbá yẹn ṣe kì í ṣe kékeré, ogbó ò sì pa á rẹ́. Ẹ sọ ìgbà tí inú yín bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ fún un, àti ohun tó fà á. Kí ẹ wá sọ pé, "Èmi ni mo ní kó o búra. Mo ti tú ọ sílẹ̀. Ohun tó o bá fẹ́ ṣe sọ́rọ̀ bàbá, ọwọ́ ẹ ló wà." Tó bá ní òun ò lọ, kó má lọ. Tó bá sì fẹ́ bínú sí yín fún oṣù díẹ̀ sí i, ẹ fara dà á. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i.