Ẹ Bi Màmá Wolé-wolé: Omi Bátìrì Tó Ń Ṣàn Lọ Sí Kànga

Májèlé tó ń bá wa gbé inú ilé ni ọ̀pọ̀ lẹ́tà oṣù yìí dá lé: bátìrì tó ti kú, ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ḿ, kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko, gílóòbù tó fọ́. Mo mú mẹ́rin nínú wọn. Èyí àkọ́kọ́ ò jẹ́ kí n sùn dáadáa lóru tí mo kà á.

*Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mínírà tútù ni mò ń tà ní Tákíè, bátìrì ínfátà mẹ́ta sì ti kú sí mi lọ́wọ́. Ẹni tó ń ra irin kọ̀ndẹ́ḿ ní òun á rà á, àmọ́ kí n kọ́kọ́ da omi inú ẹ̀ nù, torí òun ò ní sanwó omi. Aládùúgbò mi kan da tiẹ̀ sí gọ́tà lọ́sẹ̀ tó kọjá, gọ́tà yẹn sì gba ẹ̀gbẹ́ kànga wa kọjá. Kí ni kí n ṣe? — Ìyá Ìbejì, Ògbómọ̀ṣọ́.*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Ẹ má dà á nù. Ẹ jọ̀ọ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má dà á nù. Ẹ jẹ́ kí bátìrì náà wà bó ṣe wà pẹ̀lú omi inú ẹ̀, kí ìdérí ẹ̀ dé pinpin, kí ó jókòó lórí ìdí ẹ̀. Ẹ gbé e sínú ọpọ́n rọ́bà, níbi tí òjò ò ti ní pa á, tí ọwọ́ àwọn ìbejì ò sì ní tó o.

Ásíìdì ni omi yẹn, ó sì ti bá òjé gbé láti ọdún tí ẹ ti ra bátìrì náà. Nínú bátìrì olómi, ti ọkọ̀ tàbí ti ínfátà, òjé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá mẹ́fà nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹ̀. Tí bátìrì bá ti gbó, òjé yẹn á máa re sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun, òun ló sì máa ń bá omi jáde nígbà tí a bá dojú ẹ̀ dé. Òjò lè fọ ásíìdì lọ. Òjé ò ní jẹrà. Ibi tí ẹ bá dà á sí ni yóò wà títí àwọn ìbejì fi máa bímọ tiwọn. Ọmọdé ló sì ń ṣe ní jàǹbá jù, torí ọpọlọ ló ń bá jà: ìwé ò ní wọ ọmọ lórí, á máa gbàgbé, wọ́n á máa nà án pé olódo ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan nínú ara tí a mọ̀ pé kò lè pani lára. Lọ́dún 2010, ní Zamfara, àwọn òbí ń lọ òkúta wúrà nínú àgbàlá ilé wọn, eruku òjé sì wà nínú òkúta náà. Ọmọ tó kú lé ní 400. Oúnjẹ òòjọ́ làwọn òbí yẹn ń wá.

Ojú mi rí nǹkan nílé tiwa náà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ń ṣáàjì bátìrì nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ wolé-wolé, inú ìgò mínírà ló sì máa ń rọ ásíìdì sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, àkọ́bí ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́rin, ti iléèwé dé, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ó sì gbé ìgò kan sẹ́nu. Àwọn àgbà agboolé ti gbé epo pupa dé, wọ́n ní ká rọ ọ́ sí i lọ́fun kó lè bì í. Mo gba ife epo lọ́wọ́ wọn, mo dà á nù, wọ́n sì bínú sí mi gan-an lọ́jọ́ náà. Ohun tó jó ọ̀fun nígbà tó ń sọ̀kalẹ̀, á tún un jó nígbà tó bá ń gòkè. Omi tútù la fi ṣan ẹnu ẹ̀, a sì gbé e sáré lọ sílé ìwòsàn. Kò kú, a dúpẹ́. Àmọ́ ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún báyìí, kò lè gbé òkèlè iyán mì títí dòní. Ẹ̀kọ àti àmàlà rírọ̀ ló ń jẹ, àní níbi ìgbéyàwó ẹ̀ gan-an, nígbà tí gbogbo wa ń jẹ iyán. Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ yín báyìí.

Ẹ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bátìrì tuntun. Ọ̀pọ̀ nínú wọn máa ń gba ògbólógbòó, wọ́n á sì yọ owó ẹ̀ kúrò nínú ti tuntun. Òfin àpapọ̀ lórí bátìrì, ti ọdún 2024, tí NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ lórí ọ̀rọ̀ àyíká, ń mójú tó, ti di ẹrù gbígba ògbólógbòó padà ru àwọn tó ń ṣe é àti àwọn tó ń kó o wọlé. Tó bá sì jẹ́ oníkọ̀ndẹ́ḿ yẹn náà lẹ fẹ́ tà á fún, ẹ ní kó dá iye lé ẹyọ bátìrì kọ̀ọ̀kan, kó má gbé e sórí ìwọ̀n. Tó bá kọ̀, kó máa lọ. Bátìrì ò ní sá.

Ní ti kànga, ẹ má fi sè, ẹ má fi pò, ẹ má mu ún títí tí wọn yóò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Sísè ò ran òjé. Bí omi ṣe ń bá ooru lọ ni òjé ń ṣẹ́kù sínú ìkòkò. Ẹ lọ fi tó àwọn wolé-wolé létí ní ìjọba ìbílẹ̀ ní Kinnira, kí wọ́n wá wo gọ́tà náà. Kí àwọn ọmọ má ṣeré níbẹ̀. Ẹ wọ́n omi sílẹ̀ ibẹ̀ kí ẹ tó gbá a, kí eruku má baà gbé e wọlé.

*Màmá, èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn onílé ní àdúgbò wa, ní apá Arówómọlé. A ti fohùn ṣọ̀kan láti ya Sátidé kan sọ́tọ̀ kí gbogbo ilé kó nǹkan olóró wọn wá síbi kan. Mẹkáníìkì mẹ́ta wà láàárín wa, pẹ̀lú àwọn akunlé àti ẹni tó ń tún fóònù ṣe, àwọn náà sì fẹ́ kó tiwọn wá. Báwo la ṣe máa ṣe é tí kò fi ní dá wàhálà sílẹ̀? — Akọ̀wé.*

Akọ̀wé, Ọlọ́run á bá yín gbé e. Ó pẹ́ tí mo ti ń retí kí ẹnì kan bi mí ní ìbéèrè yìí.

Ẹ má dá ọjọ́ kankan títí ẹ ó fi rí ẹni tí yóò kó o lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ti ń kọsẹ̀. Mo ti dé ibi tí wọ́n ti kó gbogbo ẹ̀ jọ tán, tí ọkọ̀ ò wá, tí wọ́n tò ó sẹ́yìn gbọ̀ngàn títí òjò fi dé bá a. Májèlé tó wà káàkiri ogójì ilé wá di májèlé ojú kan. Ẹ kọ̀wé sí ẹ̀ka wolé-wolé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín, kí ẹ sì kọ sí NESREA, àjọ tí òfin ọdún 2007 gbé kalẹ̀. Ẹ béèrè ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti kó bátìrì, àti ẹni tó ní in láti kó àwọn nǹkan oníná tó bàjẹ́. Kí ó fọwọ́ sí ọjọ́ kí ẹ tó kéde.

Ẹ ra ìwé kan, kí ẹnì kan tó mọ̀wé kọ jókòó tì í láti àárọ̀. Ohunkóhun tó bá wọlé, ẹ kọ orúkọ ẹ̀, iye ẹ̀ àti ilé tó ti wá. Ìdí tí mo fi le koko lórí èyí ni pé mo wà nílé ẹ̀kọ́ wolé-wolé l'Ẹ́lẹ́yẹlé, n'Ìbàdàn, lọ́dún 1988 tí ọ̀rọ̀ Koko ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbá ìdọ̀tí olóró ni wọ́n kó láti Ítálì, tí wọ́n tò sí àgbàlá ẹnì kan ní Koko, ní ìpínlẹ̀ Bendel ìgbà yẹn. Owó ilé lẹni náà ń gbà lóṣooṣù. Kò mọ ohun tó gbà sílé. Ọdún yẹn náà ni ìjọba ṣe òfin tó fi ẹ̀wọ̀n gbére de ẹni tó bá tún kó irú ẹ̀ wọ̀lú. Láti ìgbà yẹn, mi ò gba kẹ́ẹ̀gì tí kò lórúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láìbi í ní ibi tó ti rí i.

Orí sìmẹ́ńtì ni kí ẹ lò, lábẹ́ òrùlé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa, kí ó jìnnà sí kànga àti iléèwé. Ẹ ṣe é láàárọ̀ kí oòrùn tó mú. Kí oníkálukú gbé tiẹ̀ wá nínú ohun tí wọ́n fi tà á fún un. Tí ó bá ń jò, kó gbé e sínú korobá tó tóbi jù ú lọ. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ po nǹkan méjì pọ̀ torí kó lè dín ẹrù kù. Àwọn obìnrin tó ti po Hypo mọ́ Harpic rí láti fi fọ ilé ìgbẹ̀ mọ ohun tí mò ń wí: gáàsì tó ta wọ́n nímú títí omi fi ń dà lójú wọn yẹn, ó lè pààyàn nínú yàrá tí afẹ́fẹ́ ò sí. Torí náà, bátìrì olómi lọ́tọ̀. Tínà, bẹntiróòlù àti ọ̀dà lọ́tọ̀, kí iná má sí nítòsí. Ẹni tó bá fẹ́ mu sìgá, kó lọ sí títì. Oògùn ẹ̀fọn àti ti oko lọ́tọ̀. Bátìrì fóònù àti pawa-báńkì, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ojú irin wọn; èyí tó bá ti wú, inú yanrìn gbígbẹ ni kó wà, kí ẹnikẹ́ni má tẹ̀ ẹ́, kí wọ́n má gún un. Ẹ má rán ọmọdé níṣẹ́ kankan lọ́jọ́ náà, ìbáà jẹ́ láti wá gbé àga. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́rin tó, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó nípọn àti bàtà tó bo ẹsẹ̀. Kí omi kún dúrọ́ọ̀mù kan fún ẹni tí nǹkan bá ta sí lára, kí yanrìn gbígbẹ àti eérú sì wà ní sẹpẹ́ fún ásíìdì tó bá dà sílẹ̀.

Ẹ gba àwọn oníṣẹ́ọwọ́, ṣùgbọ́n ẹ má po tiwọn mọ́ ti ilé. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí irú ìkójọ báyìí ti wọ́pọ̀, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń gba ti ilé lọ́fẹ̀ẹ́, tí iléeṣẹ́ kékeré sì ń sanwó. Òfin wọn ka ẹni tí ìdọ̀tí olóró ẹ̀ kò ju kílò 100 lọ lóṣù sí ẹni tó kéré jù. Èmi fara mọ́ ọn, torí ẹni tó ń jèrè iṣẹ́ ló yẹ kó gbé ẹrù ìdọ̀tí iṣẹ́ náà. Ọkọ̀ kékeré kan lè tú lítà 4 ọ́ìlì sílẹ̀. Ọkọ̀ mẹ́wàá lọ́sẹ̀, lítà 40 nìyẹn. Kí mẹkáníìkì kọ̀ọ̀kan ní dúrọ́ọ̀mù tiẹ̀ tó ní ìdérí, kí ó má da omi tàbí bẹntiróòlù mọ́ ọn, torí ẹni tó ń ra ọ́ìlì kọ̀ndẹ́ḿ ò ní fẹ́ èyí tí wọ́n ti là. Mo mọ̀ pé àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà máa ń wá tọrọ ẹ̀ láti fi pa igi nítorí ikán. Ẹ má fún wọn mọ́. Ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń pa á, ìyẹ̀fun irin ẹ́ńjìnnì ló kún inú ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù. Bátìrì lówó lórí, gílóòbù àti oògùn ẹ̀fọn tó ti lọ́jọ́ lórí ò mú kọ́bọ̀ wá. Tí oníkálukú bá lọ ta bátìrì tiẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ ni yóò ṣẹ́kù sí ẹgbẹ́ lọ́rùn. Ẹ bẹ àwọn onílé kí wọ́n fi bátìrì sílẹ̀ fún ẹgbẹ́, kí owó ẹ̀ san owó ọkọ̀ ìyókù. Ìyá Ìbejì nìkan ní mẹ́ta. Ẹ ka iye ilé yín kí ẹ wò ó.

*Mò ń dáko kajú àti ẹ̀gẹ́ ní apá Orí-Iré. Kẹ́ẹ̀gì oògùn koríko ti pọ̀ nílé, ìyàwó mi sì fẹ́ fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n kó fi rọ epo pupa. — Bàbá Àgbẹ̀.*

Rárá, Bàbá. Oògùn yẹn ti wọ ara ike, ọṣẹ ò lè yọ ọ́, epo á sì fà á jáde. Oko ni kí ẹ ti fọ̀ ọ́: ẹ bu omi dé ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹ dé e, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ dà á sínú ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn, kí ẹ sì fọ́n ọn sórí koríko. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀bẹ dá ìdí ẹ̀ lu kí ẹnikẹ́ni má lè lò ó mọ́, kí ẹ kó wọn jọ de ọjọ́ ìkójọ. Ẹ má sun wọ́n. Tí oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní paraquat bá ṣẹ́kù sí yín lọ́wọ́, NAFDAC ti fòfin dè é láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2024. Ẹ má sọ pé ẹ fẹ́ lò ó tán. Kò ní ẹ̀rọ̀. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó bá wọ ẹnu ti tó láti pààyàn. Ẹ tì í mọ́ inú àpótí títí ẹ ó fi fà á lé wọn lọ́wọ́, kí ẹ sì ra kẹ́ẹ̀gì tuntun fún ìyàwó yín.

*Màmá, ẹ jọ̀ọ́, gílóòbù gígùn bọ́ láti òkè, ó fọ́ sílẹ̀ nínú yàrá mi ní Under-G. Ṣé kí n kàn gbá a? — Akẹ́kọ̀ọ́.*

Ọmọ mi, má gbá a. Mẹ́kúrì, irin olóró tó ń bá afẹ́fẹ́ lọ, wà nínú ẹ̀, ìgbálẹ̀ á tú u káàkiri ni. Pa fáànù, ṣí fèrèsé, kí gbogbo yín jáde fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Tí o bá padà, fi páálí líle kó àwọn àfọ́kù, kí o fi sẹ́lótéèpù lẹ àwọn wẹ́wẹ́ mú, kí o sì fi bébà tútù nu ìyẹ̀fun funfun tó bá kù. Kó gbogbo ẹ̀ sínú ike tó ní ìdérí, àti bébà tí o fi nu ún náà, kí o kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ sí i lára. Fọ ọwọ́ rẹ kí o tó jẹun.