Ọdún 22 rèé tí mo ti fi jìtá ṣíṣe sílẹ̀, ṣé kí n padà sí i?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ẹ̀ ń dá wa lóhùn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ ṣe jìtá lọ́dọ̀ ọ̀gá kan n'Íjẹ̀bú-Òde nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, mo ti ṣe mọ́kànlá kí báǹkì kan tó gbà mí síṣẹ́ l'Ékòó, bí mi ò ṣe fọwọ́ kan ṣísẹ́lì mọ́ fún ọdún 22 nìyẹn. Ní báyìí mo ti fiṣẹ́ sílẹ̀, mo ti padà sílé bàbá mi n'Íjẹ̀bú-Igbó. Mo gun àjà lọ́jọ́ kan, ni mo bá bá pákó ọ̀gànwó mẹ́rin àti afàrà méjì tí mo fọwọ́ ara mi kó síbẹ̀ nígbà yẹn, eruku ti bò wọ́n, mo jókòó tì wọ́n tó wákàtí kan. Ìyàwó mi ní kí n fi owó gírátúítì ra ilẹ̀, ọmọ mi ní ẹ̀rọ tó ń gé igi ni kí n kọ́kọ́ rà, èmi gan-an ò mọ èyí tí màá ṣe, awò ni mo fi ń rí ilà pẹ́ńsùlù báyìí. Ṣé ọwọ́ tó ti ń ka owó látọjọ́ yìí ṣì lè ṣe jìtá?
Ọmọ Oníjìtá, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú oríire pákó yẹn. Igi tó ti gbẹ dénú làwọn oníjìtá ń wá kiri, tiyín ń gbẹ lórí àjà ní gbogbo ìgbà tẹ́ẹ fi ń ka owó olówó. Afàrà yẹn gan-an, tí ọ̀pọ̀ kápẹ́ńtà wa ò kà sí, òun ni Gibson, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe jìtá l'Ámẹ́ríkà, ń pè ní korina nígbà tí wọ́n fi ṣe jìtá Flying V àti Explorer lọ́dún 1958, ẹni tó bá ní ọ̀kan nínú tọdún yẹn lónìí, owó ilé ló gbé kọ́rùn.

Ẹ má tíì fi ayùn kàn án ṣá. Tẹ́ẹ bá gbọn pákó tí ìyẹ̀fun tó kúnná bí ẹlùbọ́ ń dà sílẹ̀, kòkòrò ti wà níbẹ̀, ẹ gbé e jìnnà sáwọn yòókù kíákíá. Èyí tó bá yè, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n, ẹ kọ iye ẹ̀ sí i lára, ẹ tún wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, tí nọ́ńbà ò bá yí padà, ó ti gbẹ.

Ọwọ́ ò ní gbàgbé, ẹ má mikàn. Frẹ́ẹ̀tì, àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó dábùú ọrùn jìtá, ló máa ń dójú tini, ìṣirò sì ni, ẹ̀yin tẹ́ẹ ti ṣe báǹkì, kò yẹ kó le fún yín. Ká ní okùn yín gùn tó 650 mìlímítà láti òkè ọrùn dé ibi tó jókòó sí nísàlẹ̀, ẹ fi 17.817 pín in, ẹ ó rí bíi 36.5, ibẹ̀ ni frẹ́ẹ̀tì kìíní, ẹ yọ ìyẹn, ẹ tún fi 17.817 pín 613.5 tó kù, bẹ́ẹ̀ lẹ ó máa ṣe é lọ. Ìkejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí 325 géérégé, ìdajì okùn nìyẹn. Tó bá yẹ̀, kò sí bẹ́ẹ ṣe fẹ́ fa okùn tó máa báramu, ẹ ó kàn máa rò pé ẹni tó ń ta á ló ń ṣì í.

Gúlù ńkọ́? Èmi náà ti jẹbi níbẹ̀. Jìtá kẹta tí mo ṣe, gúlù funfun táwọn kápẹ́ńtà fi ń lẹ àga ni mo fi lẹ ọrùn ẹ̀. Okùn irin mẹ́fà tí wọ́n bá ti fà le, bíi 70 kílò ni wọ́n ń fà, ìyẹn ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ, oòrùn wá pa á nínú bútù mọ́tò, gúlù rọ̀, ọrùn yọ síwájú bíi ti ògòǹgò. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo tà á fún, títí dòní tó bá ń kí mi, ibòmíì ló ń wò. Gúlù tí wọ́n fi awọ ẹran sè ni mò ń lò báyìí, kì í fà bí rọ́bà.

Ẹ jẹ́ kí àsìkò òjò jẹ́ ti ọrùn àti ẹ̀gbẹ́. Ẹ fá pákó ẹ̀gbẹ́ títí á fi ku mìlímítà méjì, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ gbé e sára páìpù irin tí iná wà nínú ẹ̀. Tí omi bá kán sí páìpù tó ń jó kiri kó tó gbẹ, ó ti gbóná tó. Ẹ má fi agbára tì í o, ẹ kàn dúró, igi máa rọ̀ lójijì lábẹ́ ọwọ́ yín bí ẹni tó gba ẹ̀bẹ̀, kẹ́ẹ wá fi rọ́bà túùbù ọ̀kadà wé e mọ́ móòdù. Ṣùgbọ́n ojú àti ẹ̀yìn, ẹ jẹ́ kí ọyẹ́ dé kẹ́ẹ tó lẹ̀ wọ́n pa. Igi tẹ́ẹ bá lẹ̀ pa nígbà tó ti mu òjò Ìjẹ̀bú yó, ọyẹ́ á sún un kì, kò sì níbi tó máa gbà, ló bá là.

Ní ti owó, ìyàwó yín ni mo bá lọ. Ẹ̀rọ ò kàn báyìí, pàápàá pẹ̀lú iná tí wọ́n ń mú wá tí wọ́n ń mú lọ yìí, pléènì kan, ayùn kékeré àti ṣísẹ́lì mẹ́ta tó mú ti tó. Jìtá kìíní tẹ́ẹ bá ṣe, ẹ má tà á, ẹ gbé e kọ́ sára ògiri, kẹ́ẹ wo ohun tí òjò àti ọyẹ́ máa fi ojú ẹ̀ rí fún ọdún kan gbáko. Kó tó dìgbà yẹn, àtúnṣe ni kẹ́ẹ máa gbà, jìtá ṣọ́ọ̀ṣì tó ti bàjẹ́ kún ilẹ̀ láti Àgọ́-Ìwòyè dé Ṣágámù.

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Jìtá tí mo ń ta ní ṣọ́ọ̀ṣì wa n'Íperu, igi pẹlẹbẹ tí okùn so mọ́ nísàlẹ̀ ti ń ká kúrò lára ojú ẹ̀, mo ti fi súpà gúlù lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó tún ṣí. Kí ni kí n ṣe?
Oníjìtá Kékeré, Ìperu

Àbúrò, dẹ gbogbo okùn ẹ̀ lónìí yìí, má sì da súpà gúlù sí i mọ́, ẹni tó máa tún un ṣe ló máa fi ọjọ́ kan gbáko ha á kúrò. Ẹ̀gbọ́n Ìjẹ̀bú-Igbó, ṣé ẹ rí i? Nọ́ńbà fóònù àbúrò yìí wà lọ́wọ́ wa níbí, ẹ ránṣẹ́ tẹ́ẹ bá ti rí ibi tí ṣísẹ́lì yín wà.