Kí ni ìtumọ̀ sísin ibi ọmọ sí ilẹ̀ ìdílé?

Ìbéèrè: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní ilé ìwòsàn kan l'Ádó-Èkìtì. Wọ́n di ibi ọmọ sínú náílọ̀n fún ọkọ mi. Ìyá ọkọ mi ní dandan ni kí wọ́n gbé e lọ sin sí àgbàlá ilé wọn ní Ìkọ̀lé, torí èkejì ọmọ ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi ní ìbọ̀rìṣà ni. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ewu ọmọ, ìyá ìkókó. Olúwa á wò ó.

Ìyá ọkọ yín kò sọ̀sọkúsọ. Èkejì ọmọ ni ibi lóòótọ́. Nígbà tí àtọ̀ bàbá bá pàdé ẹyin ìyá, sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ni wọ́n dà. Ó pín sí méjì, méjì di mẹ́rin, nígbà tó bá fi máa tó nǹkan bí ọjọ́ 5, ó ti di òbìrìkìtì kékeré tó ní ihò nínú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó wà lóde ló ń di ibi. Ìwọ̀nba tó ṣù jọ sínú ló ń di ọmọ. Ilé ọmọ ìyá náà fi díẹ̀ ti í lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ara ọmọ ni èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Bí ẹ bá bí ọkùnrin, sẹ́ẹ̀lì ọkùnrin ló wà nínú ibi rẹ̀.

Ẹ bá wa wo ọwọ́ ìyá agbẹ̀bí. Bó bá tẹ́ ibi sílẹ̀, ojú kan ń dán, iṣan ẹ̀jẹ̀ sì ta káàkiri lórí rẹ̀ láti ìdí ìwọ́ bíi gbòǹgbò igi. Ojú kejì, tó lẹ̀ mọ́ ìyá, pupa, ó sì rí kúlúkúlú. Á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, á fọwọ́ wá a bóyá ó pé, torí bí ègé kan bá ṣẹ́ kù sínú, ẹ̀jẹ̀ ìyá lè má dá. Gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdajì kílò lọ, òun sì ni ẹ̀dọ̀fóró ọmọ, òun ni kíndìnrín rẹ̀ fún oṣù mẹ́sàn-án. Iṣan 3 ló wà nínú ìwọ́: ọ̀kan ń gbé oúnjẹ àti ọ́síjìn wọlé, méjì ń gbé ìdọ̀tí jáde. Ẹ̀jẹ̀ ìyá kì í sì í dà pọ̀ mọ́ ti ọmọ. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló là wọ́n láàárín.

A kì í ju irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sí ààtàn. Apá kan ara ọmọ yín ni, ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń fi í fún ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ará Èkìtì tó wà l'Ékòó tó ní “ibẹ̀ ni wọ́n sin ìwọ́ mi sí”, ohun tó ń sọ ni pé kò sẹ́ni tó lè lé òun níbẹ̀. Òrìṣà kankan kò sí nínú ìyẹn. Bí ìdílé kan bá fi ètùtù kún un, ẹ lè bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ ọ́.

Ohun tí èmi kò fara mọ́ ni ẹ̀rù pé bí ajá bá hú u, ọmọ á ṣàìsàn. Bí wọ́n bá ti gé ìwọ́, ohunkóhun kò tún lè ti ara ibi náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ mọ́. Àwọn tí ilé ìwòsàn bá wọn sin tiwọn, kí ọkàn wọn balẹ̀.

Kí wọ́n sin ín lónìí, kó tó rùn. Kí ẹni tó máa gbé e wọ ìbọ̀wọ́, kí ihò jìn, kó sì jìnnà sí kànga. Ìyókù ìwọ́ tó wà nídodo ọmọ á já fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi epo, ọṣẹ ìfọyín tàbí ìgbẹ́ màlúù sí i: àrùn tẹ́tánọ́ọ̀sì tó ń pa ìkókó lè gba ibẹ̀ wọlé.