Èsì: Orin Ice Cap nínú Sonic 3

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá etí yín ló ń tàn yín jẹ tí orin Ice Cap (ìpele oníyìnyín kan) inú géèmù Sonic 3 fi jọ “Hard Times”, orin ẹgbẹ́ olórin The Jetzons. Rárá o, orin kan náà ni! Brad Buxer wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ó sì wà lára àwọn tó ṣe orin géèmù ọ̀hún ní 1994. Ọdún 1982 ni wọ́n ti gba “Hard Times” sílẹ̀, àmọ́ 2008 ni wọ́n tó gbé e jáde. Ìdí nìyẹn tí ti géèmù fi kọ́kọ́ dé etí ọ̀pọ̀ wa. Inú mi máa ń dùn sí ìtàn yìí gan-an.

Ẹ fi ìbẹ̀rẹ̀ àwọn méjèèjì wéra. Ti ẹ̀rọ géèmù Sega àtijọ́ ni kí ẹ gbọ́ o, torí wọ́n ti fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀ nínú Sonic Origins, àkójọ àwọn géèmù Sonic àtijọ́ tí wọ́n tún gbé jáde ní 2022.