QoS ò lè fẹ ẹnu ọ̀nà: fún ẹni tí ìpè ẹ̀ ń já

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹnjiníà. Mo ṣe policy QoS (òfin tó ń sọ irú dátà tó máa kọ́kọ́ kọjá) fún ìpè orí nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì wa, mo fún ohùn ní 30 nínú ọgọ́rùn-ún. Software tá a fi ń mójú tó nẹ́tíwọ̀kì ní policy ti wọlé, green ló ń tàn, drop ẹ̀ (iye packet, ìyẹn ègé dátà, tó dà nù) sì jẹ́ òdo, àmọ́ tí iṣẹ́ bá ti wọra ohùn àwọn èèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣé kí n gbé e sí 80 ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ẹ fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ẹ ń pa làpálàpá.

Mi ò lè ka iye ìgbà tí wọ́n ti bi mí ní irú ìbéèrè yìí, àwọn tó sì ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń ṣe fídíò kiri pé ẹ tan QoS kí íntánẹ́ẹ̀tì yín yára ní ìlọ́po méjì. Irọ́ gbuu ni. QoS ò ní íntánẹ́ẹ̀tì kankan tó fẹ́ fún yín. Ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe ò ju kó pín ìwọ̀nba tó wà nílẹ̀ lọ: tí èrò bá kún ẹnu ọ̀nà, òun ló máa sọ pé ìwọ kọ́kọ́ kọjá, ìwọ dúró ná. Ẹnu ọ̀nà ò fẹ̀ sí i, bí ẹnì kan bá tètè kọjá ẹlòmíì ló dúró fún un. Tí ò bá wá sí èrò lẹ́nu ọ̀nà, QoS kàn jókòó síbẹ̀ ni, kò ṣe nǹkan kan.

Ẹ di gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn mú, torí ibẹ̀ gan-an ni wàhálà yín wà. Ẹ ní drop jẹ́ òdo, ó dà bí ẹni pé inú yín dùn sí i. Tèmi ò dùn. Kí drop wà ní òdo nígbà tí ohùn ń já, ó jọ pé packet ò tò rárá níbi tẹ́ ẹ gbé policy sí, ibòmíì ni wọ́n ti lọ ń tò. Ẹ jẹ́ ká ní port tó ti ara ráútà yín lọ sínú modem jẹ́ 1 Gbps, bó ṣe sábà máa ń rí, tí íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ń sanwó fún sì jẹ́ 50 Mbps. Tí ọ́fíìsì bá ń ti 60 jáde, lójú ráútà ààyè ṣì pọ̀ lọ súà, 60 nínú 1000, kí ló fẹ́ máa to ẹnikẹ́ni sí láìnì fún? Á kàn máa dà á jáde ni. Inú modem ló ti máa há, modem ò sì gbọ́ nǹkan kan nípa policy yín, kò mọ èwo ni ohùn èwo ni fáìlì ràgàjì tí ẹnì kan ń fi ránṣẹ́, bí wọ́n ṣe ń bọ̀ ló ń tì wọ́n, èyí tí ò bá gbà á dà á nù. Ẹ ti fi wọ́dìnnì síbi tí ọ̀nà ti ṣófo, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà níwájú.

Kódà 30 yẹn fúnra ẹ̀, lórí ọ̀pọ̀ ráútà iye tí port jẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀, ìyẹn 300 Mbps, ìlọ́po mẹ́fà gbogbo íntánẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ ní. Ẹ tún fẹ́ gbé e sí 80! Ìpè kan tó ń lo G.711 (ọ̀nà kan tí wọ́n fi ń sọ ohùn di dátà) ò ju nǹkan bí 87 kbps lọ, ìpè mẹ́wàá ò tó 1 Mbps.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe ni pé kẹ́ ẹ fi shaper sí port yẹn, kí ráútà máa rọra tú packet sílẹ̀, kó má ju bíi 45 lọ nínú 50 yẹn, kí láìnì lè wà lọ́wọ́ yín dípò ọwọ́ modem, kẹ́ ẹ wá ki policy ohùn bọ inú shaper. Ẹ má fi policer rọ́pò ẹ̀ o, ìyẹn kì í to nǹkan, gígé ló ń gé.

Green ńkọ́? Ohun tó ń sọ ò ju pé ráútà ti gba policy lọ. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan wà lórí ìpè, kẹ́ ẹ wo bóyá counter class ohùn (òǹkà packet tí policy yín kà sí ohùn) ń gòkè. Tí ò bá kúrò lójú kan, á jẹ́ pé àmì ti bọ́ lára packet lójú ọ̀nà: fóònù sábà máa ń fi DSCP 46 (nọ́ńbà àmì tó ń sọ pé kó tètè kọjá) sí ohùn, àmọ́ súwíìshì tẹ́ ẹ ò bá sọ fún pé kó gba àmì yẹn gbọ́ lè sọ ọ́ di 0. Ó sì lè jẹ́ class míì tó wà lókè rẹ̀ nínú policy ló ti gbé e mì, torí èyí tó bá kọ́kọ́ bá a mu ló ń mú un. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé graph náà jù, tó bá jẹ́ ìṣẹ́jú 5-5 ló ń ṣírò, ìṣẹ́jú àáyá méjì tí láìnì fi kún dẹ́nu ò ní hàn níbẹ̀ rárá, bẹ́ẹ̀ ó ti gé ohùn.

Ẹ bi ara yín ní nǹkan kan kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ta ni ò gbọ́ ta ni? Tí wọ́n bá ń gbọ́ yín ketekete tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ ò gbọ́ wọn, ohun tó ń wọlé ló há, shaper tó wà lẹ́nu ibi tẹ́ ẹ ti ń jáde ò sì lè tún ìyẹn ṣe, ẹ lọ bá ẹni tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Tó bá sì jẹ́ pé láti àárọ̀ dalẹ́ ni 50 yẹn ń kún, ẹ lọ ra èyí tó jù ú lọ, ẹ fi policy sílẹ̀.

Mi ò rí config yín o, ohun tẹ́ ẹ kọ ni mo fi ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ ṣe backup, ẹ dúró dìgbà tí ọ́fíìsì bá ti ṣófo, tí nǹkan bá bàjẹ́ ẹ má dárúkọ mi. Lẹ́yìn tí shaper bá ti wọlé ẹ padà lọ wo drop. Tó bá ń gòkè lọ́dọ̀ àwọn fáìlì tí tohùn ṣì wà ní òdo, ẹ má fọwọ́ kàn án mọ́.