Fóònù 108 àti kámẹ́rà 24: èwo ló pọ̀ jù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́. Láti 1983 ni mo ti ń ya fọ́tò ní Ṣàgámù. Kámẹ́rà fíìmù mi, Nikon FM2, ṣì ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n fíìmù ti wọ́n, ibi tí wọ́n ti ń fọ̀ ọ́ sì jìnnà. Mo fẹ́ ra kámẹ́rà dígítà àkọ́kọ́. Ẹni tó ń tajà ní èyí tí mo ń wò, megapixel 24, ti di ti àtijọ́, pé fóònù ti wọ 108, ó ti wọ 200. Ṣé kí n wá èyí tó pọ̀ jù? Lẹ́ńsì mi àtijọ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìnáwó tó ń bọ̀. Èyí ni ìkẹrin irú ìbéèrè yìí lóṣù yìí, “èwo ló pọ̀ jù” ni gbogbo wọn sì ń bi mí. Mi ò bá yín wí. Ẹni tó ń kó irọ́ tà fún yín ni mo ń bá wí.

Ẹ̀yin lẹ mọ ìwọ̀n fọ́tò ju ẹni yẹn lọ, ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Megapixel kan ni mílíọ̀nù kan àmì kéékèèké tó para pọ̀ di àwòrán. Kí fọ́tò ínṣì 8×10 tó dán dáadáa, àmì 300 la nílò ní ínṣì kan. 2400 lọ́nà 3000 nìyẹn, mílíọ̀nù méje lé díẹ̀. 16×20 tí wọ́n ń gbé kọ́ sí pálọ̀, tẹ́nì kan ò ní fimú kàn wò, àmì 200 ní ínṣì kan tó o. Ìyẹn ò pé mílíọ̀nù 13. Kí lẹ fẹ́ fi 108 ṣe?

108 náà gan-an, ẹ̀tàn díẹ̀ wà níbẹ̀. Bí ẹ ò bá yí ètò fóònù náà padà, mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń pa àmì wọ̀nyẹn pọ̀ di ọ̀kan. Ẹ pín 108 sí mẹ́sàn-án: 12. Ọ̀pọ̀ nínú ti 200 ń pa mẹ́rìndínlógún pọ̀: 12 àti ààbọ̀. Ààyè ló há. Sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ojú tó ń gba ìmọ́lẹ̀ níbi tí fíìmù yín máa ń wà, kò ju èékánná lọ nínú fóònù. Ẹni tó bá kọ igba ebè sí ẹ̀yìnkùlé tí kò ju yàrá kan lọ, irú iṣu wo ló fẹ́ wà níbẹ̀? Alẹ́ lẹ ó ti mọ̀. Ẹ fi fóònù ya ìyàwó tó ń jó lábẹ́ kánópì, kí ẹ wá fẹ ojú ẹ̀ tóbi: awọ ara á rí bí ògiri tí wọ́n kùn lọ́dà, torí fóònù ti fi ọgbọ́n orí ẹ̀ dí ibi tí kò rí.

Fíìmù yín jẹ́ mìlímítà 36 sí 24. Kámẹ́rà tí sẹ́ńsọ̀ ẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ là ń pè ní full frame, owó ẹ̀ kì í ṣe kékeré. APS-C, nǹkan bí 24 sí 16, ni apá ọ̀pọ̀ nínú wa ká, ó sì tó iṣẹ́ í ṣe.

Ti lẹ́ńsì: ẹ wá Nikon D7000, D7100 tàbí D7200 tòkunbọ̀, APS-C ni gbogbo wọn. Wọ́n á wọn ìmọ́lẹ̀ pẹ̀lú lẹ́ńsì FM2, ẹ̀yin lẹ ó kàn máa fọwọ́ yí i kó mọ́, bí ẹ ti ń ṣe bọ̀. D3000 àtàwọn àbúrò ẹ̀ á gbà á wọlé, wọn ò ní wọn ìmọ́lẹ̀ kankan. Bí ẹ bá ní lẹ́ńsì mìlímítà 50, á máa ṣe bíi 75 lórí APS-C: ó dáa fún ojú èèyàn, kò dáa fún mọ̀lẹ́bí ogún nínú pálọ̀. Lẹ́ńsì tó ti wà ṣáájú 1977, tí wọn ò tíì tún òrùka ìdí ẹ̀ ṣe, lè ṣẹ́ nǹkan lára D7000. Mi ò rí tiyín. Ẹ má fi tipá tì í wọlé, kí ẹ má wá ní èmi ni mo ní kẹ́ ẹ ṣe é.

Ọwọ́ tí fíìmù ti kọ́ yín ló ń bà mí lẹ́rù. Nẹ́gátíìfù máa ń forí ji ẹni tó fún un ní ìmọ́lẹ̀ lámujù. Dígítà ò mọ ìyẹn. Bí ẹ bá ya ẹgbẹ́ kan tó wọ léèsì funfun lójúde Ọba n'Íjẹ̀bú Òde, nínú oòrùn ọ̀sán, ibi tó bá ti funfun gbòò, iṣẹ́ ara léèsì ti lọ nìyẹn, kọ̀ǹpútà kankan ò lè dá a padà. Ara funfun yẹn ni kẹ́ ẹ fi wọn ìmọ́lẹ̀. Òjìji lè ṣókùnkùn díẹ̀, a ó tàn án nílé. RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà ò tíì tún ṣe, ni kẹ́ ẹ sì fi yà á.

Káàdì tí fọ́tò ń wọ̀ méjì, bátìrì méjì. Káàdì kan ṣoṣo ni mo gbé lọ síbi ìgbéyàwó kan ní Ìpẹru rí. Ẹ má bi mí ohun tó ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé lẹ́ńsì yín dání, ẹ fi kámẹ́rà náà ya bébà funfun ní f/16, ìyẹn kí ihò lẹ́ńsì kéré, ẹ fẹ̀ ẹ́ tóbi, kí ẹ wò ó bóyá àmì dúdú, ìyẹn ìdọ̀tí orí sẹ́ńsọ̀, wà lára ẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá ní òun ò fẹ́ kẹ́ ẹ dán an wò, ẹ máa bọ̀ nílé.