“Zirconia 1200 kò lè fọ́ láéláé”: ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí wọ́n tó fi kíráùn sórí ìmpláǹtì yín

Ìbéèrè: Ẹ káàsán, dókítà. Ọmọ ọdún 58 ni mí. Wọ́n ti gbin ìmpláǹtì, ìyẹn gbòǹgbò eyín àtọwọ́dá, sí ẹ̀yìn àgbọ̀n mi nísàlẹ̀, ó ku kíráùn, ìyẹn orí eyín àtọwọ́dá tí yóò gorí rẹ̀. Ẹnì kan tó ń ta ohun èlò eyín ní kí n tẹnu mọ́ zirconia “1200”, ohun funfun kan tí wọ́n fi ń ṣe kíráùn, pé irin ni, pé kò lè fọ́ láéláé, pé mo lè fi fọ́ eegun. Àmọ́ zirconia náà ni wọ́n fi sí àbúrò mi lẹ́nu ní London, kò sì pé ọdún méjì tó fi fọ́. Ṣé ayédèrú ni? Èwo gan-an ló le jù?

Ìdáhùn: Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun tí ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó. “Èwo ló le jù” ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, nítorí ibẹ̀ ni ẹni yẹn ti ṣì yín lọ́nà. Ohun kan lè le, kó má yi. Dígí le, ẹ kò lè fi èékánná ha á, ṣùgbọ́n bó bá já bọ́, ó tán. Pọ̀nmọ́ kò le, àmọ́ ó yi. Ẹ ó fà á títí kó tó já. Zirconia le ju irin lọ. Ní ti yíyi, irin fi ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ jù ú. Ẹni tó bá sọ pé “irin ni” ń purọ́ fún yín, tàbí kò mọ ohun tó ń tà.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ irin yẹn ti ṣẹ̀. Ní 1975, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mẹ́ta, Garvie, Hannink àti Pascoe, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé zirconia ní àrà kan tí tánganran kò ní. Bí ojú sísán bá fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn hóró kéékèèké tó wà létí ibẹ̀ á yí bí wọ́n ṣe tò padà, wọ́n á wú ní nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á sì fún ojú sísán náà pa. Àrà ńlá ni. Òun ló jẹ́ kí zirconia yi ju àwọn tánganran tí a ti ń lò tẹ́lẹ̀. Àkọlé tí wọ́n fún iṣẹ́ náà ni “Irin alámọ̀?”, pẹ̀lú àmì ìbéèrè. Àwọn tó ń tajà ti pa àmì ìbéèrè náà rẹ́.

Nọ́ńbà 1200 fúnra rẹ̀ kì í ṣe irọ́. MPa ni ìwọ̀n rẹ̀, ìyẹn bí nǹkan ṣe lè fara da agbára tó kó tó dá. Ní yàrá ìdánwò, a ó mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí a ti dán dáadáa, a ó tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi dá. Tánganran tí a fi ń bo ojú kíráùn máa ń dá ní nǹkan bí 60 sí 100. Lithium disilicate, ohun èlò kíráùn mìíràn tó jọ dígí, ń dá ní 400 sí 500. Zirconia àtijọ́, èyí tó funfun kì, ń dé 900 sí 1200. Èyí tuntun tó ń tàn bí eyín gidi, tí wọ́n fi èròjà kan tó ń jẹ́ yttria sí púpọ̀, kò ní àrà wíwú yẹn tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ó sì sábà máa ń dá láàárín 500 sí 700. “Zirconia” ni wọ́n ń kọ fún méjèèjì lórí ìwé owó.

Kíráùn yín kì í ṣe ọ̀pá inú yàrá ìdánwò. Ẹ wo iṣẹ́ bíríkìlà: kankéré lè ru ilé, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń da déékì láìki irin sí i, torí pé bí wọ́n bá tẹ orí rẹ̀, abẹ́ rẹ̀ ló ń ya. Gbogbo ohun tó jọ tánganran ló rí bẹ́ẹ̀, a kì í sì í ki irin sínú kíráùn zirconia. Bí ẹ̀rọ bá ha á nígbà tí dókítà ń dín gíga rẹ̀ kù, tí kò sì dán ibẹ̀ padà, ibẹ̀ ni sísán yóò ti bẹ̀rẹ̀. Itọ́ á máa wọ̀ ọ́, jíjẹ á máa ṣí i, díẹ̀díẹ̀. Sísun nínú ààrò náà ń kó ipa. Ní 2001, wọ́n kó oríṣi orí egungun ìbàdí àtọwọ́dá kan tí wọ́n fi zirconia ṣe kúrò lọ́jà nítorí pé ó ń fọ́ nínú ara àwọn aláìsàn, lẹ́yìn tí wọ́n yí ọ̀nà tí wọ́n gbà ń sun ún padà.

Ní ti àbúrò yín, n kò rí ẹnu rẹ̀, n kò lè búra. Ṣùgbọ́n ohun tó wọ́pọ̀ jù ni pé tánganran tí wọ́n fi bo zirconia lójú ló máa ń ṣí kúrò, tí zirconia abẹ́ rẹ̀ ò sì ṣe nǹkan kan. Ẹni bẹ́ẹ̀ sanwó 1200, orí 80 ló ń fi jẹun.

“Fi fọ́ eegun” yẹn ló bí mi nínú jù. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ló so eyín àdáyébá mọ́ egungun. Bí ẹ bá ṣèèṣì gé òkúta nínú ìrẹsì, okùn wọ̀nyẹn ló ń ké sí ọpọlọ pé kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúró. Ìmpláǹtì kò ní wọn. Ó lẹ̀ mọ́ egungun ni. Ẹ lè máa gé nǹkan kíkankíkan láìmọ̀. Bí kíráùn kò bá sì fọ́, agbára yẹn á sọ̀ kalẹ̀ sórí síkúrù tó dè é mọ́ ìmpláǹtì, sórí titanium, irin tí wọ́n fi ṣe ìmpláǹtì náà, sínú egungun. Ó yá mi lára kí n pààrọ̀ kíráùn mẹ́ta ju kí n máa wa ìmpláǹtì tó kán jáde nínú àgbọ̀n ẹnì kan lọ.

Ẹ bi dókítà yín bóyá odindi zirconia ni tàbí èyí tí wọ́n fi tánganran bò. Fún eyín ẹ̀yìn, odindi ni èmi sábà máa ń yàn, lórí ìdúró titanium, ìyẹn ẹ̀yà tó wà láàárín kíráùn àti ìmpláǹtì, torí pé zirconia tó bá ń fara ha ìmpláǹtì tààrà lè jẹ ẹ́. Ẹ sọ fún un bí ẹ bá ń payín keke lójú oorun. Ẹni tó rí ẹnu yín àti àwòrán egungun yín nìkan ló lè parí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe èmi láti ibí yìí, kì í sì í ṣe ẹni tó ń tajà. Bí kíráùn náà bá mì lọ́jọ́ iwájú, síkúrù ló ṣeé ṣe kó dẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi gúlù lẹ̀ ẹ́.

Ẹ pe àbúrò yín lónìí, kó má sọ èérún tó bọ́ náà nù. Kó dì í sínú nǹkan tó mọ́, kó sì mú un lọ fún dókítà rẹ̀. Ojú ibi tó ti dá lè fi ibi tí sísán náà ti bẹ̀rẹ̀ hàn.